Iye Ọmọ Màmá Onílé Táyà

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sharjah, "lọ́yà" ni wọ́n ń pè mí, n kò sì já wọn níyàn rí. Iṣẹ́ mi gan-an ni kí n máa tẹ ìwé, kí n máa to fáìlì fún àwọn lọ́yà London, nínú ọ́fíìsì kan ní Dubai Marina. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ súùtì, tí mo gbé báàgì dání, ta ló fẹ́ bi mí ní sátífíkéètì?

Ẹjọ́ kan ló tú àṣírí mi fún èmi fúnra mi. Màmá àgbà kan nílùú òyìnbó, ọ̀kan lára àwọn Traveller tí ìran wọn ń gbé inú ilé onítáyà, ra pápá kékeré kan. Wọ́n kó ilé onítáyà mẹ́ta síbẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn lè máa lọ sílé ìwé kan náà. Káńsù ìbílẹ̀ ní àwọn kò fún wọn láyè láti gbé orí ilẹ̀ náà. Màmá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbọ́ ọ náà ní kí wọ́n kẹ́rù. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló kù. Ohun tí a dì mú ni pé òṣìṣẹ́ yẹn kò ro ti àwọn ọmọdé rárá.

Mo káàánú wọn gan-an. Ẹ wo aláàánú o! Èmi tí mò ń gbé bedspace, bẹ́ẹ̀dì kan péré nínú yàrá àjùmọ̀gbé, tí kọ́tìnì jẹ́ ògiri mi, èmi ni mò ń káàánú ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ilẹ̀.

Lọ́yà tó ni ẹjọ́ náà, obìnrin kan tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ, ní kí n pe màmá, kí n gba ìwé ẹ̀rí wọn sílẹ̀. Mo bi wọ́n nípa pápá, omi, iná, ilé ìwé. Nígbà tó kan ìlà "iye ọmọ", ẹnu mi wúwo. Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá mi ti gbá mi létí rí nítorí ẹ̀, lọ́jọ́ tí mo nawọ́ sí àwọn ọmọ aládùúgbò, tí mò ń ka ení, èjì. Mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àwọn ọmọ pọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo tún un kà, ó dùn mọ́ mi.

Lọ́yà pè ní ọjọ́ kejì. "Kí ni 'pọ̀'? Méjì ni àbí ogún? Orí àwọn ọmọ yìí ni gbogbo ẹjọ́ dúró lé! Ọ̀la ni gbèdéke, ìwọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run!"

Yéè! Bí wọ́n bá lé màmá kúrò lórí ilẹ̀ wọn, èmi ni mo lé wọn. Lórí bẹ́ẹ̀dì mi, lẹ́yìn kọ́tìnì, mo tún pe màmá. Mò ń kólòlò, mo ṣàlàyé àṣà wa, mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

"Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ọmọ mi. Ẹ̀yin lè má kà wọ́n, ẹ ní ilé. Èmi máa ń kà wọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lé wa, kí n má baà gbàgbé ọ̀kan sẹ́bàá ọ̀nà."

Ó dùn mí wọra. N kò sọ irú ilé tí mo ní fún wọn. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo fi ránṣẹ́, khalas, ó parí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, adájọ́ fagi lé ìpinnu òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn. Ó ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò, kí wọ́n sì ro ti ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo ròyìn ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé èmi ni mo rò ó níwájú adájọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì tẹríba bí onírẹ̀lẹ̀.

Nígbà tó yá, mo pe màmá láti kí wọn kú oríire. Mo béèrè àwọn ọmọ, mo sì ṣọ́ra kí n má dárúkọ iye.

"Wọ́n ń ṣeré nínú pápá," ni wọ́n wí. "N ò tíì kà wọ́n láti ìgbà tí ìròyìn yẹn ti dé."