Sílò Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ní ọdún tí àwa olùkọ́ yanṣẹ́ lódì títí koríko fi bo ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa, mo padà sọ́dọ̀ bàbá mi ní Ìsíkàn, ní Àkúrẹ́. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Ìyá mi ti kú, bàbá mi sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìpògùn nìkan ló kù tó ń tìtorí rẹ̀ jí láàárọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló ń gbé e lọ síbẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣá, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí àfi láti ìta.

Ọkọ̀ náà ní àìsàn kan. Tó bá ń sáré lọ, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n tí a bá dúró, tí bàbá mi kò fẹsẹ̀ tẹná mọ́, ohùn ẹ́ńjìnì a máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ohùn ẹni tí oorun ń gbé lọ láàárín ọ̀rọ̀. Á gbọ̀n, á mí kanlẹ̀, á sì kú. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan, á dúró digbí bí ọkọ̀ tuntun.

Ìgbà náà le. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa ń jẹ, epo bẹntiróòlù sì ṣọ̀wọ́n ju omi ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Bátìrì wa ti gbó, a kò sì rí òmíràn. Nítorí náà, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la máa ń wá gbé ọkọ̀ sí, kó lè yí lọ fúnra rẹ̀, kó sì jí, tó bá kú.

Mẹkáníìkì wa ní Arákalẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní, “Bàbá, sílò rẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tí ẹ kò bá tẹná, ni kò dúró.” Ó fọ kábúrétọ̀, ó nu pílọ́ọ̀gì, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀nà epo. Ó yí síkúrúù sílò sókè, àmọ́ lọ́jọ́ kejì ńṣe ni ẹ́ńjìnì ń ké tantan bí ẹni tí ata ta sí lójú, ó sì tún yí i padà. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ní ká jẹ́ kó tutù ná, kí iná ẹ́ńjìnì má baà jó òun lọ́wọ́. Bó bá sì ti tutù tán, ara ọkọ̀ á ti yá.

Bàbá mi ní, “Ó ń tijú dókítà ni.”

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nígbà ọyẹ́, a kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko, a ń gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Oǹdó, ẹni tí àwọn ọmọ-ọmọ kún ilé rẹ̀. Kurukuru ọyẹ́ bo igbó kòkó lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí a kọjá afárá Ọ̀wẹ̀nà, oòrùn dà bí owó bàbà tó bọ́ sínú wàrà. Oorun ń kùn mí. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ojú ọ̀nà mọ́ nínú ohun tí mò ń rí, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ àlá.

Bí a ṣe wọ Oǹdó, àwọn tó ń sin òkú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ń sọdá níwájú wa. Bàbá mi dúró fún wọn. Wọ́n wọ funfun, wọ́n ń kọrin ìyìn pẹ̀lú ohùn mẹ́rin tó wọra wọn. Mo di ojú. Lábẹ́ orin náà, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ, mo sì gbọ́ nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀: ṣíìì, tín-ín-rín, bí ìgbà tí omi fẹ́ hó nínú kẹ́tù.

Mo la ojú. “Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó ń súfèé yẹn?”

“Kí ló ń súfèé?”

“Lábẹ́ orin wọn yẹn.”

Ó wo àwọn èèyàn náà. Ó wo ẹnu wọn tó ń ṣí tó ń pa dé. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé wọ́n ń kọrin ni?”

Bàbá mi ti darí akọrin fún ogún ọdún. Mo mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n kọjá tán, ó gbé ọkọ̀ sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń tẹná díẹ̀díẹ̀ kó má baà kú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ooru gbá mi lójú. Mo tẹ etí sílẹ̀, mo ń tọ ohùn yẹn lọ títí mo fi dé ìdí páìpù rọ́bà ńlá kan tó lọ láti ara ẹ́ńjìnì síbi búréèkì. Ó ti sán lábẹ́, níbi tí ojú kò tó. Mo fi àkísà wé ìka, mo fi dí i.

Mo kígbe pé, “Ẹ má tẹná mọ́!” Kò gbọ́. Mo fi ọwọ́ kejì ṣe àmì sí i. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì kò sì sùn. Mo yọ ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Mo dá a padà, ó jí.

Bàbá mi bọ́ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

“Ó dúró,” ó ní. “Ó dúró dáadáa.”

Ìgbà náà ló yé wa. Bí rọ́bà náà bá gbóná, á rọ̀, ẹnu rẹ̀ á là, atẹ́gùn á máa gbabẹ̀ wọlé, á sì pa ẹ́ńjìnì tí kò sáré. Bó bá tutù, á padé. Ìdí rèé tí mẹkáníìkì kò fi rí i. A pa ẹ́ńjìnì, a fi ọ̀bẹ gé ibi tó sán kúrò, a ti ìyókù padà sí àyè rẹ̀, a sì fi awẹ́ túùbù kẹ̀kẹ́ dè é pinpin.

Bí a ti ń nu ọwọ́, mo sún mọ́ etí rẹ̀. “Láti ìgbà wo, Bàbá?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ ni gbogbo nǹkan ti ń dákẹ́. Mo rò pé ilé ló dákẹ́.”

Ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé òun kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Obìnrin náà kò sunkún. Ó fà á jókòó, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó sì ń kí i ní oríkì ìdílé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí i tí bàbá mi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ padà, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Èmi ló wakọ̀ délé. A kò tíì kúrò ní Oǹdó tán tí bàbá mi fi sùn lọ.