Bí Mo Ṣe Lọ Wádìí Amọ̀nà Wa ní Ìwéré-Ilé

Wọn ò tíì kírun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ṣakí tí mo ti dé gáréèjì. Ìyàwó mi nìkan ló mọ ibi tí mo ń lọ. Mo ti purọ́ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi méjì pé mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Òkèhó. Ìwéré-Ilé gan-an ni mo ń lọ, mo fẹ́ lọ fimú fínlẹ̀ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Làsísì.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àwa tíṣà mẹ́ta ti ń gbèrò láti lọ wo ẹyẹ nínú igbó kìjikìji orí òkè Ọbúdú, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Láti ìgbà tí èmi fúnra mi ti wà nílé ìwé ni mo ti rí àwòrán ẹyẹ apárí kan tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sára àpáta, mo sì ti ń wá ọ̀nà àtifojú ara mi rí i. Làsísì gbé lẹ́bàá òkè náà fún ọdún mẹ́jọ, ó ń bá àwọn òyìnbó tó wá wo ẹyẹ gbé ẹrù. Òun ló gbà láti mú wa wọgbó. A ti rí mọ́tò: dẹ́rẹ́bà, Làsísì, àwa mẹ́ta, ìjókòó ti kún. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la dá.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọkùnrin náà dáa jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i. Ohun yòówù ká sọ fún un lórí fóònù, "Kò sí wàhálà, Tíṣà" ni. Ṣé ẹni tí wàhálà kì í sí lẹ́nu ẹ̀ rárá ni kí n máa tẹ̀ lé wọ inú igbó, láyé tí wọ́n ń jí èèyàn gbé yìí? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni bọ́ọ̀sì kékeré gbé wa dé Ìlerò, èèyàn mẹ́rin níbi tó yẹ kí mẹ́ta jókòó. Mo fura sí dẹ́rẹ́bà nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì fura sí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí pé kò rẹ́rìn-ín. Láti Ìlerò, mo gun ọ̀kadà. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà Ìgànná, kòtò ibẹ̀ pọ̀ ju ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ, ẹ̀wù funfun mi sì ti yí àwọ̀ kí n tó débẹ̀. Òórùn gaàrí tí wọ́n ń yan ló pàdé wa lẹ́nu ìlú. Mo ra gaàrí, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fi ẹ̀pà mu ún. Gaàrí wọn kan ju tiwa lọ, ó sì ń ta lẹ́nu, àmọ́ wàrà Ṣakí ni mo jẹ mọ́ gaàrí dàgbà, mo sì ń wò káàkiri bóyá màá rí i. Kò sí.

Ọlọ́kadà kejì, tó gbé mi láti Ìgànná, bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Ìwéré-Ilé?"

Mo ní, "Kajú ni mo fẹ́ lọ rà."

"Kajú? Nínú oṣù kẹwàá? Ẹ̀yin náà ẹ!"

Mo gbàgbé pé kì í ṣe àsìkò kajú. Èmi tíṣà báyọ́lọ́jì!

Ní Ìwéré-Ilé, mo wá àdúgbò Làsísì kàn. Mo jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí mo kí i tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí ẹni tí kò fẹ́ bèèrè. Ṣé ó mọ Bàbá Sàídì? (Bí wọ́n ṣe ń pe Làsísì níbẹ̀ nìyẹn.) Ṣé kì í jalè? Ṣé kì í bínú sódì? Ṣé wèrè kò sí nídìílé wọn?

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Níbo lẹ ti wá?"

"Ṣakí ni, mà."

"Ṣé ẹ ní àbúrò lóbìnrin?"

"Mo ní ọ̀kan, mà." Mo ń rò ó lọ́kàn pé arúgbó yìí mà yọjúràn o.

Ojú rẹ̀ wá tàn. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí wèrè, kò sí ẹ̀tẹ̀, wọn kì í jalè. Ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ ò ní jìyà."

Mo yọ ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀: ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ kò ní jìyà. Síbẹ̀ ìyìn náà pọ̀ jù fún mi. Ìyá ní òun ń lọ mu omi, kò sì padà, èyí náà tún mú mi fura.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi ti ọ̀nà oko yọ, ó ru igi ìdáná. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú mi.

"Èmi ni Ìyá Sàídì. Àbúrò yín náà dà?"

"Àbúrò mi?"

"Ẹni tí ọkọ mi fẹ́ fẹ́ ní Ṣakí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ wá wádìí ilé wa?"

Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìbéèrè ẹbí ìyàwó ni gbogbo ìbéèrè tí mo bèèrè! Àwọn gan-an ni bàbá mi rán mi lọ bèèrè kí àbúrò mi tó lọ́kọ. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà wádìí ọmọ aráyé.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ìyàwó kọ́. Ẹyẹ ni. A fẹ́ lọ wo ẹyẹ."

Àwọn obìnrin tó ti pé jọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sàídì kò rẹ́rìn-ín. "Àgbà ọkùnrin máa ti Ṣakí lọ sí ìdí Kamẹrúùnù, ó fẹ́ lọ wo ẹyẹ. Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá o. Wíwò lásán ni."

"Ẹ gbọ́ irọ́!"

Mo yọ awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn látinú àpò, mo ní kó wo orí ọ̀pẹ. Ó wò ó títí. "Ẹ̀gà nìyí. Ẹ̀gà tó ń jẹ àgbàdo wa. Ẹ wá lé e, kí ẹ tó lọ Kamẹrúùnù."

Bí Làsísì ṣe dé nìyẹn, tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí i: "Ṣé ẹyẹ náà ló ń pè yín lórí fóònù láti oṣù mẹ́ta?" Làsísì kò tíì sọ fún un pé òun ń rin ìrìn àjò. Ó ní òun mọ̀ pé kò ní gba òun gbọ́, ìdí nìyẹn tí òun fi ń sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Obìnrin náà ní kò burú, òun ń kó ẹrù òun lọ sílé bàbá òun lónìí.

Làsísì wò mí. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Tíṣà, ẹ ò bá ti bi mí."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Sàídì nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún un pé àìfọkàntánni ló gbé mi wá, ọkọ rẹ̀ kò mọ àbúrò mi rí.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ ẹyẹ ni lóòótọ́, èmi náà á lọ wò ó. Tí ò bá sáyè fún mi nínú mọ́tò yín, kò sáyè fún òun náà."

Làsísì ní ibi tí ìyàwó òun ò bá lọ, òun ò lọ. Mo ka ìjókòó lọ́kàn lẹ́ẹ̀mejì, mo ka tàwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́ mọ́ ọn. Àwọn kọ́ ló dẹ́ṣẹ̀. Mo ní ààyè wà, mo sì fi awò náà sílẹ̀ fún Ìyá Sàídì.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Ṣakí. Lójú ọ̀nà, mi ò fura sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ohun tí mo fi odindi ọjọ́ kan bèèrè lábẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ Làsísì fúnra ẹ̀ ló yẹ kí n ti bèèrè ẹ̀.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ fún mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkùnrin náà ṣe é bá wọgbó?"

Mo ní ó ṣe é bá wọgbó, gbogbo àdúgbò ló jẹ́rìí ẹ̀.

"Ẹ ṣé, Olúwa. Ọjọ́ Ajé náà lẹ ṣì ń lọ?"

Mo bu òkèlè kan, mo gbé e mì.

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń lọ."