Ẹ̀rọ Tó Ń Dúró De Àlejò Pàtàkì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, ti kú o. Kókó inú ọpọlọ ló pa á. Ẹ kú oríire, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn wa ńlá: lọ́jọ́ tó kú, eruku kankan ò kan ẹ̀rọ yín.

Apá ọ̀tún méjì ló kọ́kọ́ rán mọ́ aṣọ kan ṣoṣo. A rẹ́rìn-ín títí, òun gan-an rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Ìgbà tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ la gbé e lọ sílé ìwòsàn náà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n mú díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Dókítà jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì wọn rí jẹ́jẹ́. Kókó tí kì í kánjú ni."

Jẹ́jẹ́! Ṣé ọkọ ìyàwó la ń wá ni? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí a bi dókítà dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ pé sẹ́ẹ̀lì méjì lè jọra bí ìbejì lábẹ́ awò, kí jíìnì inú ọ̀kan, ìyẹn ohun tó ń darí ìṣe sẹ́ẹ̀lì, ti yí padà, kó sì di apànìyàn. Ìrísí nìkan ò tó, àfi kí wọ́n yẹ jíìnì wò. Ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́? Ó kúkú wà níbẹ̀, tuntun ni. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n sì so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni akọ̀wé wí. "Àlejò pàtàkì tó máa gé rìbọ́ọ̀nù ò tíì ráyè."

Ẹ̀gbọ́n mi, tòun ti báńdéèjì lórí, ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ sísọ́ọ̀sì. "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ gígé ni, iṣẹ́ mi nìyẹn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé fajú ro, ó ní ká má rí ọ̀gá fín.

Ìtọ́jú kókó tí kì í kánjú ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀ kókó ń sáré. Àlejò pàtàkì ni kò kánjú: ó kọ́kọ́ rìnrìn-àjò, nígbà tó dé, aṣọ tó fẹ́ wọ̀ ò tíì délé. Áà, ó dùn mí! Ẹ̀gbọ́n tó rán gbogbo yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé mi, kò mọ orúkọ mi mọ́ kó tó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú ni wọ́n tó gé rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Kò pẹ́ ni fóònù ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi dún, ilé ìwòsàn ló ń pè.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èsì jíìnì màmá yín ti jáde. Irú tó ń sáré ni. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá, ká lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó lágbára."

Ọmọ náà gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ta ló pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ dúró? Orúkọ la fẹ́, ẹ má sọ fún wa pé ìgbìmọ̀ ni. Dókítà tó mọ̀, kí ló dé tó dákẹ́? Àwọn mélòó ni wọ́n ṣì ń sùn fọkàn balẹ̀ nítorí ẹ sọ fún wọn pé sẹ́ẹ̀lì wọn rí jẹ́jẹ́? Ẹ wá wọn kàn, ẹ yẹ jíìnì wọn wò lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin lẹ ní kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀ kíákíá. Ẹ jókòó dè é, kí ẹ júwe ọ̀nà tó máa gbà mú ìyá rẹ̀ wá láti inú sàréè fún un.