Ẹ Wo Orúnkún Rẹ̀

"Ẹ má bínú sí mi o, Àǹtí. Tí ẹ bá délé, ẹ wo orúnkún ọmọ yín."

Ohun tí obìnrin kan sọ fún mi nìyẹn ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn eré kan ní Milton, ìlú kan lẹ́bàá Toronto, níbi tí àwọn ọmọ wa ti lọ gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó dúró láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, níbi tí a ti máa ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà, ó sì ń wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ̀. Ó ní ọmọ tòun náà ti wà rí nínú ẹgbẹ́ tí ọmọ mi wà. Mo bi í pé kí ló ṣe orúnkún. Ó fa fìlà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ borí, ó ní, "Ẹ ṣáà wò ó," ó sì jáde sínú òtútù. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ páálí wò ní ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó kó wọn sínú tírélà. Páálí tí igun rẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, mo máa ń rí i. Bí mo ṣe rí nínú ilé náà nìyẹn. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀run, màá kọ́kọ́ mi ilẹ̀kùn ibẹ̀ wò bóyá ó tì dáadáa.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọbìnrin wa. Ó ga ju èmi lọ, ó sì ti ń sùn ti bọ́ọ̀lù láti kékeré. Bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ kò tó o mọ́. Ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ tó máa ń rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú lọ figagbága, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá ọmọ fún yunifásítì ti máa ń wò wọ́n. Ẹgbẹ́ méjì ló ní àwọn yóò gbà á. Ọ̀kan wà ní Pickering, níbi tí a ní láti la gbogbo Toronto kọjá lórí títì márosẹ̀ kí a tó dé. Èkejì wà ní Meadowvale, kò jìnnà sí wa.

A kọ́kọ́ lọ sí ti Pickering. Ariwo ibẹ̀ pọ̀. Obìnrin ni kóòṣì wọn, àwọn ọmọ sì ń bá a jiyàn lójú wa. Ọ̀kan tiẹ̀ na ìka sí pátákó tí kóòṣì ń yàwòrán eré sí, ó ní ohun tó sọ lánàá kọ́ nìyẹn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ojú ọkọ mi le.

"Ṣé ibi tí ọmọ ti ń dá àgbà lóhùn báyìí la fẹ́ mú tiwa wá?" ló wí nínú ọkọ̀.

"Ẹ ò rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, Dádì?" ni mo dáhùn.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín?"

"Ọmọ yín."

Ti Meadowvale wà láàárín àwọn ọ́fíìsì, nínú ilé gígùn kan tó dà bí ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n ti fi bébà dúdú lẹ gbogbo gíláàsì ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà láti inú. Kóòṣì jáde wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó kéré sí wa lọ́jọ́ orí. Bó ṣe rí ọkọ mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí omi yìnyín ti kún.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ káàsán mà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìlú yìí ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo kọ́kọ́ ń kọ́ wọn, kó tó kan bọ́ọ̀lù."

Ta ni yóò rí irú rẹ̀ ní ìlú òtútù tí inú rẹ̀ kò ní yọ́? Ọkọ mi fa ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń pè é ní àbúrò. Mo béèrè bóyá a lè wọlé wò wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òbí kì í wọlé, mà. Ojú wọn ò ní kúrò lára yín." Èmi tí mo máa ń yẹ páálí wò, mi ò yẹ èyí wò. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jiyàn?

Bí a ṣe fi ọmọ síbẹ̀ nìyẹn. Àwa òbí a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa sọ̀rọ̀ táyà wíńtà àti ṣíìfù iṣẹ́. Ohun kan wà tí etí mi gbọ́ tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, mi ò gbọ́ ohùn ọmọ kankan rí. Bọ́ọ̀lù a máa dún, bàtà a máa dún. Lẹ́yìn náà fèrè kóòṣì a dún, ohun kan a sì dún gbì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n ju àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ a mì díẹ̀ lábẹ́ àga mi. Gbogbo nǹkan a wá dákẹ́ títí yóò fi pẹ́.

"Fífò ni wọ́n ń fò yẹn," ni ìyá kan sọ fún mi. "Wọ́n máa ń balẹ̀ pọ̀ ni."

Kò pẹ́ tí ọmọ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé "Hi, Daddy" ló fi ń kí bàbá rẹ̀ láti orí àga wá ń kúnlẹ̀ tẹsẹ̀ méjèèjì. Inú ọkọ mi dùn kọjá sísọ. Ó pe ìyá mi ní Ìbàdàn lórí fídíò kó lè rí i. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú fóònù, ó tẹrí ba. Ìyá mi súre, súre, ó wá sún mọ́ fóònù tirẹ̀.

"Ó kúnlẹ̀ dáadáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò kí mi."

"Ó ń tijú ni, mà," ni ọkọ mi wí.

"Ìtìjú kọ́. Ẹnu ẹni tó ń tijú a máa mì. Ìkúnlẹ̀ tí kò sí 'ẹ kú' nínú rẹ̀, irú èwo nìyẹn? Àbí ilẹ̀ ló ń kí?"

A rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo ní kó dìde ló tó dìde.

Lẹ́yìn èyí ni a lọ sí Milton, tí obìnrin yẹn dá mi dúró. Nínú ọkọ̀, mo bi ọmọ mi bóyá orúnkún ń dùn ún. "I'm fine, Mummy." Ohùn náà tẹ́jú bí omi inú abọ́. Nígbà náà ni mo wá rántí pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí i nínú ṣòkòtò péńpé, kódà nínú ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́tùlù tó ń lo iná mànàmáná bàjẹ́. Mo gbé ti àtijọ́ jáde, èyí tí a máa ń gbé ka sítóòfù, tó máa ń fọn fèrè bí omi bá ti hó. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Kẹ́tùlù fọn.

Gbì.

Mo yí padà. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó kọjú sí ara fíríìjì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba. Búrẹ́dì ti dojú dé sílẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é, mo fi oríkì rẹ̀ kún un. Kẹ́tùlù ṣì ń fọn. Mo sáré gbé e kúrò lórí iná. Bí fèrè ṣe dákẹ́, ó dìde, ó ṣa búrẹ́dì nílẹ̀, ó mú òmíràn, ó ń pa á ní bọ́tà lọ.

"Kí lo ń ṣe nílẹ̀?" ni mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí. "What do you mean? Mi ò ṣe nǹkan kan."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù a máa ṣubú, orúnkún rẹ̀ a máa bó, a sì máa jinná. Èyí kò bó. Awọ ibẹ̀ ti dúdú, ó ti le, ó ń dán, bíi ti àwọn ìyá àdúrà tó ti fi ogójì ọdún kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí a fẹ̀sọ̀ bi kóòṣì, nítorí ọjọ́ iwájú ọmọ wà níbẹ̀. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tún máa pàdé. Èmi nìkan ni mo mú un lọ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí fèrè fi dún, tí ilẹ̀ fi mì. Mo dìde.

"Àǹtí, ẹ rọra o," ni ìyá tó sọ pé fífò ni wọ́n ń fò wí. "Wọ́n ń kọ́ wọn ni."

Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Gbogbo àwọn ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ògiri ni wọ́n kọjú sí, ó sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Bọ́ọ̀lù kan ṣì ń yí lọ láàárín gbọ̀ngàn, kò sí ẹni tó wò ó. Mi ò lè dá tèmi mọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo pe orúkọ rẹ̀. Kò sí orí kankan tó yí.

Kóòṣì wá bá mi, ó tẹrí ba bó ṣe yẹ. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀kan ju bọ́ọ̀lù sọnù ni. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Àbí a kì í kúnlẹ̀ nílé yín?"

"A máa ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn ni," ni mo dáhùn. "Ta ni wọ́n ń kí lára ògiri?"

Mo rìn lọ títí mo fi rí irun tí èmi fúnra mi dì. Mo di ọmọ mi mú ní èjìká, mo ní, "Dìde, a ń lọ sílé." Ó gbójú sókè. Kì í ṣe èmi ló wò. Ó wo fèrè tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó ń dúró dè é. Ojú yẹn ni mi ò tíì gbàgbé. Èmi ni mo gbé e dìde bí ìgbà tó ń kọ́ ìrìn.

Ó bínú sí mi nínú ọkọ̀. Ó sunkún, ó ní mo ti ba nǹkan jẹ́ fún òun, pé àwọn tó kù ni yóò jìyà rẹ̀. Inú mi dùn sí ariwo náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ wo orúnkún náà nígbà tó dé, ó jókòó, kò sì jẹun.

Pickering ló wà báyìí. A ń la Toronto kọjá, nínú yìnyín, tọkọtaya ń pín in ṣe. Mo máa ń jókòó sínú gbọ̀ngàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí fèrè kọ́kọ́ dún níbẹ̀, mo rí i tí orúnkún rẹ̀ tẹ̀. Ó yára sọ ọ́ di pé òun ń so okùn bàtà. Ó ṣì ń so okùn bàtà nígbà mìíràn, okùn tí kò tú. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bá kóòṣì rẹ̀ jiyàn, ọkọ mi ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nílé, a kò ní kó kúnlẹ̀ mọ́. Ó máa ń dúró gbọin níwájú fóònù, á ní, "Ẹ káàsán, Grandma," ìyá mi á sì ní òun gbọ́ ọ.

Mi ò mọ ibi tí obìnrin Milton yẹn wà. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹgbẹ́ fún ọmọ, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún: kí ẹ tó gbà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wọlé jókòó. Bí wọ́n bá kọ̀, bí ó ti wù kí wọ́n kí yín tó, ẹ mú ọmọ yín kí ẹ máa lọ sílé.