Bí Ohùn Mọ́wùnmí Ṣe Há, Tí Gbogbo Wa Di Dókítà

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ohùn Mọ́wùnmí rí, kó má bá mi jiyàn. Nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń háyà ní South Thamesmead nílùú Òyìnbó, bí Mọ́wùnmí bá dá orin, makirofóònù á di ẹrù lásán. Láàrin ọ̀sẹ̀, ó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, láti Abbey Wood títí dé etí odò ní Woolwich. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣe ìsìn tán, á jókòó sínú mọ́tò, á pe ìyá rẹ̀ ní Ṣàgámù. Ojú Màmá ti fọ́ tipẹ́, ohùn ló fi ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Bí Mọ́wùnmí bá ti ní, “Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, Ìyá mi,” Màmá á pe oríkì rẹ̀, Àjíkẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, á kì í títí bátìrì fóònù á fi fẹ́ẹ̀ kú.

Nígbà tó yá, a ṣe ọ̀sẹ̀ ìyìn. Ojoojúmọ́ la fi kọrin, tàbí kí n kúkú sọ òótọ́, ojoojúmọ́ ni Mọ́wùnmí fi kọrin, tí àwa sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìkẹyìn, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga lórí símẹ́ǹtì. Ó pe Màmá bó ṣe máa ń ṣe.

“Ta nìyẹn?” Màmá bi í.

“Èmi ni, Ìyá mi. Mọ́wùnmí ni.”

“Irọ́ ni. Ọmọ mi kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ yahoo, ẹ ti wá dé ọ̀dọ̀ mi? Mi ò ní nǹkan kan o!” Ó sì pa fóònù.

Mọ́wùnmí jókòó sínú mọ́tò, ó sunkún. Ohun tó dùn ún kọ́ ni pé kò lè kọrin mọ́. Ohun tó dùn ún ni pé ìyá tó bí i ní òun kọ́ lọmọ òun.

Báyìí ni gbogbo wa ṣe di dókítà. Wòlíì Ṣùpọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló ń wà láàrin ọ̀sẹ̀, ìran ló ń rí lópin ọ̀sẹ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní, “Auntie Mọ́wùnmí, mo rí obìnrin kan tó fi òwú dúdú so yín lọ́fun. Obìnrin yẹn pupa díẹ̀.” Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni obìnrin tó pupa díẹ̀ nínú ìjọ wa? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yọjú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ayọ̀dèjì, ọkọ rẹ̀, ní tòun, orógbó ló rà wálé, Mọ́wùnmí sì jẹ ẹ́ títí ahọ́n rẹ̀ fi korò. Phoebe, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní, “Auntie, acid reflux ni, acid inú ikùn ló ń gòkè wá sí ọ̀fun. Ẹ stop ata.” Àwa tó kù sọ pé òtútù ni, kò kúkú ná wa ní nǹkan kan.

Mọ́wùnmí fúnra rẹ̀ pe ibi tí dókítà rẹ̀ wà, torí pé orí fóònù ni wọ́n ti ń gba àyè. Obìnrin tó gbé e ní òun kò gbọ́, kó sọ̀rọ̀ sókè. Mọ́wùnmí ṣàlàyé pé ohùn òun ló há. Obìnrin náà ní òun kò gbọ́ síbẹ̀, kó pe padà tí ohùn rẹ̀ bá já gaara.

Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn sí àìsàn yìí tó Mr Isaac, arúgbó Òyìnbó kan tí Mọ́wùnmí ń wẹ̀ fún nílé rẹ̀ ní Royal Arsenal, ní Woolwich. Ìtàn ìṣègùn ayé àtijọ́ ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì tíì rí ẹni tó máa kọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Bó ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, ó ní kó gbé ìwé ńlá kan wá fún òun láti orí pẹpẹ, ìwé tí dókítà Òyìnbó kan kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ó wá ń bi í léèrè bí àwọn dókítà ìgbà yẹn ṣe máa ń béèrè. Ṣé ó jókòó sínú atẹ́gùn ni? Ṣé ó pariwo? Ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, àwọ̀ wo ló ní? Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo ahọ́n rẹ̀.

Mọ́wùnmí bi í bóyá kò ní wo ọ̀fun òun. Mr Isaac rẹ́rìn-ín. Ó ní láyé ọjọ́un, kò sí irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi rí ibi tí ohùn ti ń jáde, nítorí náà dókítà á béèrè ọ̀rọ̀, á sì sọ ohun tó fà á: òtútù ni, ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù ni, ariwo ni. Àwọn olówó kì í tilẹ̀ lọ bá a. Wọ́n á kọ lẹ́tà, dókítà á sì kọ oògùn ránṣẹ́ sí wọn láìrí ojú wọn. Mọ́wùnmí rántí Wòlíì Ṣùpọ̀ àti WhatsApp rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Ìtọ́jú ló kàn. Wọ́n á gún apá aláìsàn, wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú abọ́. Wọ́n á lẹ nǹkan tó ń jó èèyàn mọ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ títí ara á fi bó. Wọ́n á fún un ní omi ọkà bálì tí wọ́n fi oyin sí. Bí ìyẹn kò bá ràn án, wọ́n á fún omi ìgbín sí ṣúgà, á mu ún.

“Ìgbín?” Mọ́wùnmí ní.

Ìgbín ni, Mr Isaac dáhùn. Inú bí Mọ́wùnmí gidigidi. Omi ìgbín yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ fi ń para fún wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí tíṣà ilé ìwé wọn sì ní ìwà kèfèrí ni. Gbogbo ìgbà yẹn, àṣé àwọn baba ńlá Òyìnbó náà mu àgbo yó! Ó ku ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, Mr Isaac sì kà á fún un: ẹni tí ariwo bá gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, kó pa ẹnu mọ́.

Phoebe ló bá a fi orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù níkẹyìn, wọ́n sì rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ọ̀fun. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò imú rẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó wo ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Kò rí òwú, kò sì rí àrùn burúkú kankan. Ó ní ibi tí ohùn ti ń jáde ló wú, ariwo ló fà á. Ó ní kí Mọ́wùnmí máa mu omi, kó má sì sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má tilẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Bí kò bá gbọ́, ohùn náà lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Mọ́wùnmí rò ó pé ohun tí dókítà onígbín ti sọ náà nìyí.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Òyìnbó lè dákẹ́ kí ó jẹ́ pé ó dákẹ́ lásán ni. Nínú wa, ẹni tí kò bá dáhùn ìkíni ń bínú, kò sí àlàyé mìíràn. Ìyèbíyè, ọ̀kan nínú àwọn akọrin, pàdé rẹ̀ ní Tavy Bridge, ó kúnlẹ̀ kí i, “Ẹ káàárọ̀ ma, Auntie.” Mọ́wùnmí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́. Ó nawọ́ káàdì kan sí i, níbi tó kọ ọ́ sí pé dókítà ní kí òun má sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí ìjọ: inú Auntie Mọ́wùnmí kò dùn sí wa, ó bínú débi pé ìwé ló ń fún èèyàn kà dípò ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bí àwọn àgbà ìjọ ṣe lọ bẹ̀ ẹ́ nìyẹn, èmi náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Mọ́wùnmí ń mi orí, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀fun rẹ̀, a rò pé ọ̀rọ̀ wa ló gbé e lọ́fun.

“Auntie, ẹ forgive wa,” Wòlíì Ṣùpọ̀ ní. “Ta ló sọ fún yín? Òótọ́ ni, a ti ṣe meeting. A fẹ́ gbé mic fún Ìyèbíyè ní harvest. Èmi ni mo mú idea yẹn wá, mi ò ní purọ́.”

Mọ́wùnmí kò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń wò ó ni. Bó ṣe ń wò ó yẹn, ẹlòmíràn jẹ́wọ́ pé òun lòun pè é ní agbéraga. Ayọ̀dèjì yọ láti kíṣìnì, ó rò pé àsìkò ti tó, ó ní òun lòun fi mọ́tò rẹ̀ ha ògiri.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù Ayọ̀dèjì fi dún. Moráyọ̀ ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Mọ́wùnmí tó ń gbé pẹ̀lú Màmá. Ó ní Màmá ti kọ oúnjẹ sílẹ̀. Ayọ̀dèjì ti ṣàlàyé fún Màmá léraléra pé dókítà ló ní kí Mọ́wùnmí má sọ̀rọ̀, àmọ́ Màmá kì í ṣe ọmọdé. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kú ní Amẹ́ríkà, odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń sọ fún ìyá ọmọ náà pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè pè. Bí a ṣe ń ṣe sí àwọn arúgbó wa nìyẹn, Màmá sì mọ̀ ọ́n.

“Ayọ̀dèjì,” Màmá ní lórí sípíkà, “bí ọmọ mi bá ti kú, sọ fún mi. Bí ò bá kú, gbé e fún mi kí n gbọ́ ohùn ẹ̀.”

Ayọ̀dèjì wo ìyàwó rẹ̀. Gbogbo wa wò ó. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè ba ohùn rẹ̀ jẹ́ títí ayé, kí Màmá tún ní òun kọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí fún un. Ó gba fóònù.

“Ìyá mi,” ó ní. Ohùn náà ń ha kéré-kéré.

“Ẹ ti gbé ẹlòmíràn wá.” Ohùn Màmá ti ń gbọ̀n.

Mọ́wùnmí fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ẹkún ló jáde, ẹkún tí ó há, tí ó ń já lulẹ̀ láàrin. Màmá ń gbọ́ ọ.

“Àjíkẹ́?” ó pè é níkẹyìn. “Ìwọ ni! Bó o ṣe máa ń dún nìyẹn tó o bá ti sunkún títí ohùn ẹ fi há. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Ta ló nà ọ́?”

Mọ́wùnmí wo gbogbo àwa tí a wà nílẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó nà mí, Ìyá mi. Orin ni mo kọ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ìwọ nìkan?” Màmá ní. “Àwọn tó kù ńkọ́? Wọn ò lẹ́nu ni?”

Orí kápẹ́ẹ̀tì tí a wà ni gbogbo wa ti gbọ́ ọ lórí sípíkà.