Mo Ní Èèyàn Mẹ́ta Ni Wá

Wọ́n ti sú mi kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ọmọbìnrin kan àti ọkùnrin méjì, wọ́n gbé ìwé àti bírò dání, wọ́n ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn ní àdúgbò wa lọ́nà Ìgàndò. Ìgbà ìjọba ológun ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó rán àwọn níṣẹ́, àwọn fúnra àwọn ló ń ṣe ìwádìí, kí àwọn lè kọ̀wé sí káńsù nípa ibi tó yẹ kí wọ́n ri ẹ̀rọ omi sí.

Ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Níbi tí a ń gbé tẹ́lẹ̀, àwọn tó wá kà wá náà kí wa dáadáa. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ṣọ́jà ní kí gbogbo ará ilé jáde síta, katapílà sì wó ilé. Máṣíìnì ìránṣọ mi nìkan ni mo rí gbé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èèyàn mélòó ló ń gbé ilé yìí?"

"Mẹ́ta."

Ọmọbìnrin náà wo okùn tí mo sá aṣọ sí. "Aṣọ yìí mà pọ̀ o, mà."

"Télọ̀ ni mí."

Ó kọ mẹ́ta. Mọ́kànlá ni wá.

Aládùúgbò mi tó ń gbé òdìkejì tilẹ̀ jù mí lọ. Wòlíì la ń pè é, nítorí aṣọ funfun ìjọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ní kò sẹ́ni tó ń gbé ilé mi."

"Ta wá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, Wòlíì?"

"Mo ní mo wá kí onílé ni, mi ò bá a nílé."

Bẹ́ẹ̀ omi gan-an ló ń dààmú mi jù. Kànga wa ń rùn. Taifọ́ọ̀dù ti dá ọmọ mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ mu omi náà mọ́. Ìdímù la ti ń lọ pọn omi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tún dé. Wọ́n ní àṣà àwọn ni láti kọ́kọ́ ka ohun tí àwọn kọ fún ará àdúgbò, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe lè wí kó tó dé káńsù. A jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì Wòlíì. Ọmọbìnrin yẹn kà á pé àdúgbò wa kò fi bẹ́ẹ̀ ní èèyàn, àdúgbò tó wà lẹ́yìn wa ló yẹ kí ẹ̀rọ omi lọ.

"Irọ́ nìyẹn jàre," Wòlíì ní. "Èèyàn kún ibí fọ́fọ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa, sà." Ó ti rẹ ọmọ náà. "Ilé tiyín gan-an, òfìfo la kọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Inú Wòlíì ń bí mi, inú àwọn ọmọ náà ń bí mi, inú ara mi ló bí mi jù. Bí mo bá dákẹ́, omi lọ nìyẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iye wa á dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

Mo dìde. "Mọ́kànlá ni wá nílé mi. Mo parọ́."

"Ṣé òótọ́ lẹ wá sọ báyìí, mà? Àbí torí omi lẹ ṣe fi kún un?" ọmọbìnrin náà bi mí.

Kò jẹ̀bi. "Ẹ wá kà wá," ni mo sọ.

Ó tẹ̀ lé mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí gbogbo ará ilé jáde síta. Ohun tí ṣọ́jà yẹn sọ gẹ́lẹ́ ni mo ń sọ. Ìyá ọkọ mi gbé ìdì aṣọ wọn jáde. A tò sínú oòrùn. Ọmọbìnrin náà kà wá, ó fagi lé mẹ́ta, ó kọ mọ́kànlá.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ lè wọlé."

Ìyá ọkọ mi ò wọlé. Wọ́n jókòó lórí ìdì aṣọ wọn, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Mo ní omi làwọn ọmọ yìí ń bá wa wá.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n lọ gbé máṣíìnì rẹ jáde ná."