Àáró Alájùé Gba Ìbàdàn Lọ

Mo kírun àsùbáà tán, mo gbé àpò kọ̀ǹpútà mi kọ́ èjìká, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi pé ó dàbọ̀. Orí àga ni wọ́n wà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú, tí kò jẹ́ kí wọ́n lè bá ẹgbẹ́ wọn ro oko mọ́. Wọ́n ṣàdúà fún mi, wọ́n wá bi mí bóyá àwọn ará Ìbàdàn kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní rárá o. Irọ́ ni mo pa, ẹ̀rù ń bà mí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo ti lé lógójì ọdún, ẹ̀kọ́ orí fóònù ni mo sì fi kọ nǹkan tí mo ń gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àgbẹ̀ mọ́kànlá ló ń ṣe àáró ní Alájùé. Gbogbo wọn á ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí á fi kárí. Bàbá àgbà kan tó máa ń mọ ẹni tó kàn ti kú, orí rẹ̀ ló sì kó gbogbo rẹ̀ sí. Láti ìgbà náà ni Alhaji Mùfútáù àti Ìyá Ṣàngódọyin ti ń jà pé èmi ló kàn, ìwọ kọ́ ló kàn, débi pé ẹgbẹ́ fẹ́ túká. Àáró tí bàbá tó bí bàbá mi bá wọn dá sílẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, mo ti gbọ́ nípa àdéhùn orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní símáàtì kọ́ńtíráàtì. Ẹ ó kọ òfin yín síbẹ̀, á máa mú ara rẹ̀ ṣẹ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ní ẹ̀dà rẹ̀, nítorí náà ẹnì kan kò lè dédé yí i padà.

Ọ̀kadà gbé mi dé Sẹ́kọ́nà ní ẹgbẹ̀rún kan náírà. Mọ́tò Ìbàdàn gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó sì pẹ́ kó tó kún. Dírẹ́bà wo bí mo ṣe gbá àpò mọ́yà, ó bi mí bóyá ẹyin ni mo kó síbẹ̀. Mo ní ẹyin yẹpẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà dára dé Gbọ̀ngán, lẹ́yìn ìyẹn a bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún kòtò. Ní Ìkirè mo ra dòdò wọn, èyí tó dúdú, tó rọ̀, tó ta lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ilé alájà méjì kan ní Bódìjà ni ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ irú àdéhùn orí kọ̀ǹpútà yìí wà, àwọn ni mo fẹ́ fi tèmi hàn. Ní ilé wa, ẹ̀yìn ni àlejò máa ń jókòó, á kọ́kọ́ wo bí ilé ṣe rí. Níbẹ̀, wọ́n gbé mi síwájú. Wọ́n tún ní àṣà kan tó wù mí: kálukú á kọ́kọ́ sọ ohun tí kò yé e, kó tó sọ ohun tó mọ̀. Fọlákẹ́ ló ń darí wọn, ọmọbìnrin tí mo lè bí. Òun gan-an sọ mẹ́ta tí kò yé e. Mo sọ mẹ́sàn-án, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wọ́n ní kí n gbé iṣẹ́ mi sórí tẹ́sítínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi ìdánwò tí ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kò ti pa ẹnikẹ́ni lára. Mo tẹ orúkọ àwọn mọ́kànlá sí i, mo tẹ ọjọ́ tí kálukú wá sóko àti ọjọ́ tí kò wá. Òfin tí mo kọ ni pé ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ rẹ̀ á jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ṣe tán, orúkọ mẹ́wàá ló kù.

“Àǹtí, ta ni Làmídì tó jáde yìí?” Fọlákẹ́ ló béèrè.

“Bàbá mi ni. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n.”

“Tí ara ẹnì kan kò bá yá, kí lẹ máa ń ṣe lọ́hùn-ún?”

“Oko rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ ro.”

“Ẹ ò kọ ìyẹn síbẹ̀, mà.”

Lóòótọ́, n kò kọ ọ́. Mo ti lọ bá àwọn mọ́kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ka òfin àáró fún mi, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Ta ló máa ń sọ fún ènìyàn pé kó máa mí? Mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ Bàbá mi kúrò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Omijé bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bu omi fún mi. Fọlákẹ́ ní àdéhùn tí òun kọ́kọ́ kọ, òun alára ló tì mọ́ta. Ni wọ́n bá fa àga wọn yí mi ká, a jọ kọ òfin tuntun: bí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ bá jẹ́rìí pé ara ẹnì kan kò yá, òun ni yóò kàn. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní ìgbà keje, ó gbà.

Ọjọ́ kejì ni mo padà dé Alájùé, oòrùn kò tíì wọ̀. Ẹgbẹ́ ti pé sí ojúde wa, Alhaji lápá kan, Ìyá Ṣàngódọyin lápá kejì. Mo ń ka òfin náà fún wọn lórí fóònù mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ti aláìsàn, Alhaji dá mi dúró.

“Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?”

Mo ní àwọn ará Ìbàdàn ló bi mí.

“Wọ́n ń roko ni?”

“Rárá o. Wọn ò tiẹ̀ ní ọkọ́.”

Bàbá mi tẹ orí ba, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ìyá Ṣàngódọyin ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí fóònù, wọ́n ní kí n fi ibi tí àwọn máa tẹ̀ han àwọn. Ó ku ẹlẹ́rìí kan. Alhaji dìde láti apá tiwọn, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́. Orúkọ Làmídì bọ́ sókè.

Mo lọ sí Ìbàdàn láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn. Ohun tí mo kọ́ ni pé ibi tó ṣe iyebíye jù nínú rẹ̀, àlejò ló máa ń bá wa rí i, nítorí pé ó ti mọ́ wa lára jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkọ́ mẹ́wàá wọ oko Bàbá mi. Alhaji àti Ìyá Ṣàngódọyin kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ebè kan náà ni wọ́n jọ ń kọ.